Ọjọ́ Kan, Ìnáwó Méjì

Ìwé kan wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ le. Pupa ni àwọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí kí òógùn ọwọ́ àti epo àtùpà tó sọ ọ́ di dúdú. Okùn ni mo sì fi so ó pọ̀, nítorí pé àwọn ojú ewé rẹ̀ ti ń já. Ìwé gbọ̀ngàn abúlé wa ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lo gbọ̀ngàn náà, ìbáà ṣe fún ìgbéyàwó, ìbáà ṣe fún òkú, ìbáà ṣe fún ìpàdé, èmi ni í máa kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé yìí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní nítorí pé mo jẹ́ akọ̀wé níbi iṣẹ́ mi, mo sì tún jẹ́ olùkọ́ni nínú ìjọ, ọwọ́ mi mọ́, n kò sì ní máa gbàgbé nǹkan. Ẹ ó rí i níwájú bí ọ̀rọ̀ àìgbàgbé náà ti rí.

Abúlé wa kò tóbi. Ẹni tí ó bá gba ojú títì láti Òṣogbo lọ sí ìhà Ọ̀fà yóò kọ́kọ́ kan Ìkìrun, lẹ́yìn náà Inísà, kí ó tó kan Òkukù. Láàrín Inísà àti Òkukù ni ọ̀nà kékeré kan ti yà wọ inú oko lọ, òpin ọ̀nà náà ni a wà. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wà láàyè, wọ́n sì mọ ìwé kà. Ìlú mẹ́ta yìí ni ó bí wa, ìlú mẹ́ta yìí náà ni a ń ná. Àwọn kan nínú wa jẹ́ ọmọ Òkukù, àwọn kan jẹ́ ọmọ Inísà, àwọn kan sì ní ẹbí ní Ìkìrun. Bí aáwọ̀ kékeré bá ṣẹlẹ̀ láàrín wa, ìgbà náà ni ẹ ó tó mọ̀ pé ọmọ ìlú mẹ́ta ni wá.

Kí gbọ̀ngàn yìí tó wà, abẹ́ igi odán tí ó wà ní ojúde Baálẹ̀ ni a ti ń ṣe ohun gbogbo. Níbẹ̀ ni a ti ń parí ìjà, níbẹ̀ ni agbowó-orí ti ń jókòó, níbẹ̀ náà ni a sì ti ń jó. Igi odán kò ní ìlẹ̀kùn, kò sì béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, kálukú a gba ilé rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ a sì dúró di ọjọ́ mìíràn. Ọmọdé ni mí nígbà tí àwọn bàbá wa pinnu pé àwọn yóò kọ́ ilé kan tí kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí gbólóhùn náà. Ní ilẹ̀ wa, gbogbo ilé ni ó ní ìdílé tí ó ni ín. Ààfin ní ọba, ṣọ́ọ̀ṣì ní ìjọ, mọ́ṣáláṣí ní ìmáàmù, agbo ilé sì ní baálé. Pé kí gbogbo wa da owó pọ̀ kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní lè nawọ́ sí pé tèmi ni, ohun titun ni. Àwọn àgbà kan tilẹ̀ béèrè pé bí ilé náà bá ń jò, ọmọ ta ni yóò gun òkè rẹ̀. Ìbéèrè náà kò tíì ní ìdáhùn títí di òní, nítorí ó ń jò.

Àwọn ọkùnrin gé búlọ́ọ̀kù amọ̀, àwọn obìnrin ru omi láti odò, wọ́n sì ru iyanrìn láti etí ọ̀nà, àwa ọmọdé ń fi agbọ̀n kó òkúta wẹ́wẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan dá owó páànù, owó náà kò sì tó. Ògiri dúró láìní òrùlé fún ọdún mẹ́ta gbáko, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ fi ṣe ìpàdé nínú rẹ̀ kí ènìyàn tó ṣe é. Nígbà tí a wá parí rẹ̀, ó ní fèrèsé mẹ́fà, ìlẹ̀kùn méjì, àti pèpéle kan níwájú. Ó lè gba 200 ènìyàn, bí wọn kò bá sanra.

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ fi í wé Mapo tí ó wà lórí òkè ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tí àwọn òpó rẹ̀ ga bí igi àràbà. Tàbí gbọ̀ngàn Aké ní Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n fi ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Tàbí Glover Memorial Hall ní Èkó, níbi tí Hubert Ògúńdé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944 láti fi wá owó fún ìjọ tí ó ń kọ́ ilé Ọlọ́run. Àwọn wọ̀nyí ni gbọ̀ngàn tí ìwé ń ròyìn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tí ó parí ní 1918, ọ̀pọ̀ abúlé kéékèèké ni ó kọ́ gbọ̀ngàn ní ìrántí àwọn ọmọ wọn tí kò padà wá láti ojú ogun. Dípò òkúta tí a gbẹ́ orúkọ sí, wọ́n kọ́ ilé tí alààyè lè jókòó sí. Nígbà tí mo ka èyí, ó wù mí púpọ̀, nítorí àwọn obìnrin tí ó ru iyanrìn gbọ̀ngàn tiwa ti ń kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ibi tí a kọ orúkọ wọn sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti kọ́kọ́ mọ ohun tí gbọ̀ngàn lè ṣe. Ní ìgbà èwe mi, Òṣogbo ni orísun eré orí ìtàgé ní agbègbè wa. Ibẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀ àti Oyin Adéjọbí fi ṣe ilé. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré a máa kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀, wọn a sì lọ láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Wọn kì í wá sí abúlé bí tiwa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú láti lọ wo eré. A kò ní owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ojú fèrèsé ni a dúró sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi lé èjìká fún ìgbà díẹ̀, èmi náà sì ń ròyìn fún un ohun tí mo ń rí. N kò rántí ìtàn eré náà mọ́. Ohun tí mo rántí ni pé nígbà tí ọba inú eré ń ṣe ìkà, ìyá arúgbó kan dìde nínú èrò, ó sì bá a wí bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni, gbogbo ilé sì pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Karin Barber wá gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970, ó sì jókòó ti àwọn obìnrin ìlú láti kọ́ oríkì lẹ́nu wọn. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1991. Ó tún bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn, ó bá wọn ṣe eré, ó sì kọ ìwé mìíràn nípa wọn ní 2000. Mo máa ń ronú pé ohun kan náà ni ó ń wá ní ibi méjèèjì. Oríkì kì í dùn lẹ́nu ẹni tí ó dá jókòó sí yàrá. Ó ń fẹ́ ẹni tí a ó kì, ó sì ń fẹ́ èrò tí yóò máa wò ó bí orí rẹ̀ ti ń wú.

Mo padà sí ìwé mi. Bí mo bá ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbésí ayé abúlé wa ni mo ń kà. Àwọn àgbẹ̀ tí ó ń ṣe ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wà níbẹ̀ ní òpin oṣooṣù. Àwọn obìnrin alájọ wà níbẹ̀. Àwọn kò jẹ́ kí n kọ iye owó wọn rí, wọ́n ní ọjọ́ nìkan ni kí n kọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níbẹ̀. Ẹjọ́ màlúù tí ó jẹ ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ọdún tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa, oṣù márùn-ún ni a fi jọ́sìn ní gbọ̀ngàn, àwọn Mùsùlùmí ni ó sì yá wa ní ẹní, nítorí pé àwọn àga wa ti fọ́. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé tí ìjọba sì fi òfin de ìpéjọpọ̀, ojú ewé funfun ni ó wà nínú ìwé náà. N kò fẹ́ràn láti máa wo àwọn ojú ewé wọ̀nyí. Àgbà méjì ni a sin láàrín ìgbà náà láìsí ìlù, tí àwa díẹ̀ dúró jìnnà sí ara wa bí ẹni tí ó ń bá ara rẹ̀ jà.

Ṣùgbọ́n ojú ewé kan wà tí n kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí, ojú ewé oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni. Nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Keje ọdún náà, bí mo ti ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, opó kan dá mi dúró. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Òun àti ọkọ rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn láti ṣiṣẹ́ oko. Ọkọ náà kú, òun sì dúró, ó ń ta àkàrà ní Inísà láti fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rí ọkọ ní Ìkìrun, àwọn ará ọkọ sì ti dá ọjọ́ ìdána: Sátidé kẹta nínú oṣù Kẹsàn-án. Ó ní, "Tíṣà, ẹ dákun, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé n kò ní agbo ilé." Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó sì ka ₦3,000 owó gbọ̀ngàn sí mi lọ́wọ́, owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí ó ń rùn epo àkàrà. Ìwé gbọ̀ngàn kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn ìwé pélébé tí mo kọ nọ́ńbà àwọn orin ọjọ́ náà sí ni mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, mo fi í há inú ìwé orin mi, mo sì wí fún un pé kí ó fọkàn balẹ̀. Mo sọ owó náà sínú àpótí gbọ̀ngàn bí mo ti délé. Ìwé pélébé náà ni n kò rántí mọ́.

Ní àárín oṣù Kẹjọ, ìyá àgbà kan kú ní abúlé, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mùsùlùmí ni ìyá náà. Ọmọ rẹ̀ tí ó ń ṣòwò ní Èkó wá, a sì sin ín ní ọjọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn ti wí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó tọ̀ mí wá pé òun fẹ́ gba gbọ̀ngàn fún fìdáù ogójì ọjọ́, pé òun fẹ́ ṣe é ní Sátidé kẹta oṣù Kẹsàn-án kí àwọn ará Èkó lè ráyè wá. Mo ṣí ìwé. Ìlà náà ṣófo. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i pẹ̀lú lẹ́tà tí ó dára, mo gba ₦3,000, ó sì fi ₦10,000 lé e láti fi tún iná ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi.

Ọjọ́ kẹwàá ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ṣí ìwé orin mi láti wá orin tí a ó kọ ní ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, ìwé pélébé náà sì jábọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó dojú kọ mí. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, ara mi tutù.

Èmi yóò jẹ́wọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé ohun tí n kò tíì jẹ́wọ́ lórí pẹpẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí ó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe bí n ó ti tún un ṣe, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tí ó rí ìwé náà. Opó náà kò mọ̀wé, n kò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí kankan. Owó rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ owó yòókù nínú àpótí. Bí mo bá wí pé Sátidé tí ó tẹ̀lé e ni ó dá fún mi, ta ni wọn yóò gbà gbọ́, èmi tàbí òun? Mo ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Anania àti Safira ní oṣù tí ó kọjá, mo sì ti ṣe ohùn Peteru dáradára. Mo jókòó, ìwé pélébé náà wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, àtùpà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iná àtùpà kò jìnnà.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá, ó sì rí i pé n kò fọwọ́ kàn án. Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Baálé mi, kí ni ẹ bò mọ́lẹ̀ yẹn?" Mo fi hàn án. Ó kà á, ó sì kà á padà, kò bá mi wí. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "Obìnrin yìí ti ń ra iṣu sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo bá a ru ti àná láti ojú ọ̀nà." Ó sì gbé oúnjẹ náà padà.

Ní òwúrọ̀ mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Baálẹ̀, mo sọ ohun gbogbo fún un, ẹ̀yìn náà ni mo pe ọmọ olóòkú lórí fóònù. N kò ní kọ gbogbo ohun tí ó sọ. Ó ti tẹ káàdì, ó ti pe àwọn áfáà láti Ìkìrun àti Òṣogbo, ó ti san owó onílù. Nígbà tí ó parí ìbínú rẹ̀, ó ní ohùn pẹ̀lẹ́, èyí tí ó dùn mí ju ìbínú lọ: "Tíṣà, ìyá mi ru iyanrìn ilé yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀." Òótọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo rí i nígbà tí ó ń rù ú.

A pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ olóòkú wá láti Èkó. Opó náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ìdajì ìdí rẹ̀ lórí àga. Ọ̀rọ̀ náà gbóná. Àwọn kan wí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ san owó ni ó ni ọjọ́. Àwọn mìíràn wí pé orúkọ ẹni tí ó wà nínú ìwé ni a mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé ọmọ onílẹ̀ kò lè bọ́ sílẹ̀ fún àlejò. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìgbà náà ni opó náà dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ìlú má ṣe dàrú nítorí òun, òun yóò lo abẹ́ igi ọsàn tí ó wà lẹ́yìn ilé tí òun ń gbé. Ẹ̀yin ará mi, ọkàn mi fúyẹ́ nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí ojú àwọn ẹlòmíràn, ọkàn tiwọn náà fúyẹ́. Ojú ìfúyẹ́ náà ń tì mí títí di ìsinsìnyí.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, áṣáà ni ó máa ń fín. Ìran Òkukù ni. Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà bóyá ó mọ ibi tí àwọn ará Òkukù wà nígbà ogun Jálumi. Ọmọ náà ní òun kò mọ̀. Bàbá wá sọ ọ́: pé nígbà tí ogun Ìlọrin gbóná ní agbègbè yìí, tí ìjà Jálumi sì wáyé ní Ìkìrun ní 1878, àwọn ará Òkukù ti fi ìlú wọn sílẹ̀, wọ́n sì sá wọ Ìkìrun, pé àdéhùn àlàáfíà Kírìjì ti 1886 kò tíì mú wọn padà sílé, nítorí pé Ìbàdàn àti Ìlọrin ṣì dojú ìjà kọ ara wọn, pé ó di nǹkan bí 1893, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tú ká, kí wọn tó padà lọ bẹ́ igbó inú ìlú wọn. Ó ní, "Ọdún wọ̀nyí kì í ṣe ọjọ́ kan. Wọ́n bímọ níbẹ̀, wọ́n sin òkú níbẹ̀, wọ́n fi ọmọ fọ́kọ níbẹ̀. Ojúde ta ni ẹ rò pé wọ́n ti ṣe ìdána?" Ó tún fín áṣáà, ó ní, "Ẹni tí ó ní ojúde, kí ó lo ojúde rẹ̀. Ẹni tí kò ní ni a ṣe kọ́ ilé yìí." Ó sì jókòó.

Baálẹ̀ dá a bẹ́ẹ̀. Ọmọ olóòkú dìde, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì kí ẹnikẹ́ni, ó jáde. Èmi náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọn gba ìwé lọ́wọ́ mi. Baálẹ̀ béèrè pé ṣé kí n lè lọ sinmi ni. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kí ìwé di méjì, kí ọwọ́ ẹlòmíràn mú èkejì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá san owó sì gba ìwé ẹ̀rí kí ó tó kúrò níwájú mi.

Ọjọ́ náà pé. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ta kánópì mẹ́fà sí ojúde ilé olóòkú, kò sì ju ìwọ̀n ibi tí a lè sọ òkúta dé lọ sí gbọ̀ngàn. Ní tiwa, alága ìjókòó ti parí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, iṣu wà nílẹ̀, obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ wà lórí tábìlì. Alága ìdúró sì tún ń mú àwọn ará ọkọ dọ̀bálẹ̀ nígbà kẹta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yẹ kí a máa jẹun. Ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù ni atẹ́gùn dé. A gbọ́ ariwo irin. Nígbà tí a wo ìta, kánópì kan ti dúró lórí páànù aládùúgbò, òjò sì ń bọ̀ bí ẹni tí a rán níṣẹ́.

Èrò fìdáù sá. Ibo ni wọn ìbá sá sí? Wọ́n gba ìlẹ̀kùn méjèèjì wọlé, àwọn áfáà pẹ̀lú agbádá tí ó lẹ̀ mọ́ wọn lára, àwọn ìyá tí ó di gèlè pọ̀ sọ́wọ́, àwọn onílù tí ó fi ìlù sábẹ́ aṣọ, àwọn ọmọ tí ó gbé ìkòkò ìrẹsì. Ọmọ olóòkú ni ó wọlé kẹ́yìn. Ó fi agbádá bo nǹkan kan mọ́ àyà, gbogbo ara rẹ̀ ni ó tutù àfi ibẹ̀. Àwòrán ìyá rẹ̀ ni, nínú férémù. Ó dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, kò mọ ibi tí òun yóò gbé e sí.

Opó náà ni ó dìde. Ó la àárín èrò kọjá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwòrán náà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, ó gbé e lọ sórí pèpéle, ó sì gbé e lé orí tábìlì, láàrín oyin àti iyọ̀. Kò sọ ohunkóhun. Áfáà àgbà wo àwòrán náà, ó wo ìyàwó tí ó jókòó láàrín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ṣe ti òkú, ó ṣe ti ìyàwó, a sì ṣe àmín fún méjèèjì, ìró òjò lórí páànù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti pariwo rẹ̀. Kí alẹ́ tó lẹ́, abọ́ ti dàpọ̀. N ó sọ òtítọ́, ẹran ti fìdáù pọ̀ ju tiwa lọ.

Kò sí ẹni tí ó sọ pé ohun gbogbo dára. Kánópì méjì ya, ọmọ olóòkú ni ó sì san owó rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn àlejò rẹ̀ láti Èkó ń sọ kiri pé àwọn wá ṣe òkú, ìgbéyàwó ni àwọn bá jẹ. Kí ó tó wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì, mo fi ₦13,000 rẹ̀ sínú àpòòwé, mo sì gbé e lọ bá a. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ ná, Tíṣà." N kò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí ìdáríjì. Ìgbìmọ̀ ní owó rẹ̀ ni, kì í ṣe ti gbọ̀ngàn, nítorí pé kò lo gbọ̀ngàn. Èmi sì wí pé ó lò ó. A kò tíì parí ìyẹn.

Ìyàwó ọjọ́ náà ti bí ọmọ méjì ní Ìkìrun. Ìyá rẹ̀ ṣì ń ta àkàrà ní Inísà, ó sì máa ń bu ẹyọ kan lé tèmi. Ọmọbìnrin kan tí ó ti jáde ilé-ìwé gíga ni ó mú ìwé kejì lọ́wọ́. Lóṣooṣù ni a máa ń gbé méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn, òun ni ó sì máa ń tún lẹ́tà mi tí kò tọ́ ṣe. Ọmọ olóòkú máa ń wálé bí ọdún bá yí po. Ó máa ń na ọwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀, kò tíì sọ̀kalẹ̀ rí. Àpòòwé náà wà nínú ìwé níwájú mi yìí, ní ojú ewé oṣù Kẹsàn-án, etí rẹ̀ ti ń di ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ni gbọ̀ngàn ní ọ̀la. Mo gbọ́dọ̀ lọ gbá a kí ilẹ̀ tó ṣú.